Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí

Iṣẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni mo fi darúgbó ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. N kì í ṣe adájọ́, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Èmi ni mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ adájọ́, tí mò ń kọ ohun tí oníkálukú bá sọ, tí mò ń pe orúkọ, tí mò ń lu òǹtẹ̀, tí mo sì ń to fáìlì pa mọ́ nígbà tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ bá ti lọ bá ìjà yòókù nílé. Ẹni tó bá pẹ́ nírú ibẹ̀ yóò rí ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kì í rí, torí òun kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ayé ìjọba Kérékou àkọ́kọ́, ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà, ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ojú mi ni Àpérò Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1990, tó fòpin sí Ìyípadà náà, ṣe, ojú mi náà ni òfin ẹbí ti 2004 ṣe. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ti 2013 fi jáde, mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò gùn. Bí o bá fẹ́ mọ èrò tó ń darí òfin ní ìgbà kan, má wulẹ̀ dúró ti ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn sí. Àwọn agbẹjọ́rò á jà lórí ìwé ẹ̀rí, lórí ẹlẹ́rìí, lórí ọjọ́ tí bàbá kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ìjà náà tí tọ̀tún tòsì ti gbà, tí adájọ́ ti gbà, tí èmi akọ̀wé náà kò sì kọ sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ibẹ̀ ni èrò ìgbà náà ń gbé.

Ẹjọ́ ogún ló là mí lójú. Mi ò tíì pẹ́ níṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin kan, oníṣòwò aṣọ, gbé àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá. Bàbá wọn ti kú, ó fi ilé alámọ̀ kan sílẹ̀ ní àdúgbò àtijọ́, èyí tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Obìnrin yìí ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé náà. Ó tú ọ̀rá kan kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ó sì kó rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti ti páànù jáde, wọ́n ti rọ̀, wọ́n ti ń fa ya níbi tí wọ́n ká wọn sí. Mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ wọn sórí tábìlì kí n tó lè kọ nọ́ńbà wọn. Àwọn ọkùnrin ní ọmọbìnrin kì í jogún ilé, pé ilé ọkọ ni tirẹ̀ wà.

Yàrá ẹjọ́ àṣà ìbílẹ̀ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nígbà náà. Adájọ́ kan, àti àwọn àgbà tó mọ àṣà àwọn tó ń jà, tí wọ́n á jókòó tì í: ètò tí Faransé fi sílẹ̀ nìyẹn, tí a ò sì yí padà. Adájọ́ bi bàbá tó dúró fún àṣà Yorùbá léèrè. Bàbá náà wú ikọ́, ó kọjú sí adájọ́, ó ní: “Camarade Ààrẹ, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí igi la fi ń pín in. Iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá, iye ọ̀nà tí ogún yóò pín sí nìyẹn. Ọmọbìnrin wà nídìí ìyá rẹ̀, a kì í yọ ọ́ kúrò.” Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó kà á, ó sì dájọ́ pé kí wọ́n san owó sìmẹ́ǹtì àti páànù padà fún obìnrin náà, pé ilé di ti àwọn ọkùnrin.

Coutumier du Dahomey ni ìwé náà, ìwé àkójọ àṣà ilẹ̀ Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe rí? Lára ògiri, àkọlé wà pé a ti bá àwọn amúnisìn àti àwọn onífìúdà, ìyẹn àwọn olóyè ajẹgàba, jagun. Ìparí lẹ́tà ìjọba, “Prêt pour la révolution” ni, pé a ti múra tán fún Ìyípadà. Ìdáhùn rẹ̀, “La lutte continue”, pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. Camarade, ẹlẹgbẹ́ nínú ìjà, ni adájọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sùn sí yàrá wo, ìwé tí gómìnà Faransé fi ránṣẹ́ sí àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1931 ló ṣí. Àgbà tó mọ àṣà sì wà níbẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni àṣà: ẹnu bàbá yìí ni àbí ìwé yẹn? Ẹni tó ń gbẹjọ́ obìnrin náà rò pàápàá kò béèrè. Orí rìsíìtì ló ń jà sí.

Nígbà tí mo ráyè, mo lọ ka ìwé náà délẹ̀ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Ouando níhìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ sí abala 127 ni pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, àti pé ó jẹ́ ara dúkìá àti ara ogún. Ara ogún! Ní Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń yá ọkọ wọn lówó, tí wọ́n sì ń gba èlé lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kó ìwé náà jọ kò ṣòro láti lóye. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè àti àwọn àgbà ọkùnrin, ìbéèrè náà ti wà ní kíkọ kí wọ́n tó dé, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ wọ inú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Èrò tó gbòde láyé ìgbà náà ni pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn kan náà, Faransé ti dókè, àwa ṣì wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ onílùú Faransé ní òfin, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ abẹ́ wọn ní àṣà, títí di ọjọ́ tí ó bá gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àṣà tí kò bá sì bá ọ̀làjú Faransé mu, ilé ẹjọ́ wọn lè kọ̀ ọ́.

Kétu ni mo ti wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Kétu, ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó kọ abala 127 tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Faransé kan náà ti gbé obìnrin méjì sípò àṣẹ. Alaba Ida, ìyàwó Alákétu, ni ọ̀kan nínú wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1911 títí di 1917 ni wọ́n ń gba ọwọ́ rẹ̀ pàṣẹ fún ìlú. Àwọn ará Kétu kò fẹ́ràn rẹ̀, ìtàn tí a gbọ́ nílé nípa rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kò sí níbẹ̀. Ọ́fíìsì tó lò ó ni ọ́fíìsì tó wá kọ̀wé pé obìnrin kò lágbára kankan lábẹ́ òfin. Wọ́n ti rí i lójú ara wọn; èrò tó wà lọ́kàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí.

Níbo wá ni èrò náà ti wá? Ilé tiwọn ni. Ìwé òfin Napoléon ti 1804 sọ ọ́ kedere pé ọkọ ní í dáàbò bo ìyàwó, ìyàwó ní í gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Ọdún 1938 ni wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ ìgbọràn yẹn kúrò. Ìgbà tí obìnrin ilẹ̀ Faransé tó ní ọkọ tó lè fúnra rẹ̀ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, tó sì lè ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ ọkọ, ọdún 1965 ni. A ti gba òmìnira fún ọdún márùn-ún! Ọkùnrin tó ń kọ̀wé nípa ìyá mi àgbà ní 1931, ìyàwó tirẹ̀ ló ń rí.

Mo bá adájọ́ kan ṣiṣẹ́ tó fẹ́ràn ìwé ju ẹjọ́ lọ. Òun ló sọ ìtàn Savigny, amòfin ará Jámánì kan, fún mi ní ọ̀sán kan tí iná lọ. Ní 1814, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Napoléon kúrò ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn kan ní kí àwọn ará Jámánì náà kọ ìwé òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ wọn. Savigny ní rárá, pé a kì í jókòó sí ọ́fíìsì kọ òfin, pé ara ènìyàn ni òfin ti ń hù jáde bí èdè ṣe ń hù. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ ogun àjèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ni pẹ̀lú. Adájọ́ mi ní òun gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Èmi náà fẹ́ gbà á, àfi pé nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa, àjèjì ló ń gbẹnu wa sọ ohun tó hù lára wa.

Ẹ sì wo òdìkejì ẹnubodè. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá: ìlú Kétu bọ́ sápá Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá ni wá. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò kọ àṣà sínú ìwé kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí àwọn tó ń jà wá fi ẹ̀rí àṣà wọn hàn níwájú adájọ́, adájọ́ á sì wò ó bóyá ó ta ko ẹ̀rí ọkàn rere. Ní Èkó, ẹjọ́ Danmole àti Dawodu jáde nínú irú ètò bẹ́ẹ̀: bàbá kan kú, ó ní ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí òjorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà, pé ìdí igi kò bá ayé òde òní mu mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, ìgbìmọ̀ ọba ní London sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi dúró. Ohun kan náà tí bàbá tó wú ikọ́ yẹn sọ ní Àjàṣẹ́, tó sì wọlẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n gbé lékè ní London. Àṣà kan ni, èrò àwọn tó ń gbọ́ ọ ló yàtọ̀.

Nípa ayé Ìyípadà, n kò ní sọ púpọ̀, torí ohun tó yẹ kí n sọ kò dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n kéde Marx àti Lenin ní oṣù kọkànlá 1974, wọ́n kọ Loi fondamentale, ìwé òfin ilẹ̀ tiwọn, ní 1977, wọ́n yí orúkọ ilé ẹjọ́ padà. Àwa ń bá ẹjọ́ ewúrẹ́ àti ti ààlà ilẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ségbana, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kò ní fáìlì lọ́dọ̀ wa. Kò sí nọ́ńbà, kò sí òǹtẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn sí láyé ìgbà náà ni pé ènìyàn kan ṣoṣo kò lè dúró níwájú ìjọba kó ní òun ní ẹ̀tọ́. Ìjọba ni ará ìlú, ará ìlú ni ìjọba, ta wá ni ìwọ?

Èyí ló jẹ́ kí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti oṣù kejìlá 1990 rí bó ṣe rí. Ẹni tó bá kà á láìmọ̀ nípa Ségbana, á rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lásán ni wọ́n kó jọ. Abala 18 ní kí wọ́n má ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ àfi bí adájọ́ bá wí. Ta ló ń ka wákàtí bí kò ṣe ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé láìka ọdún? Abala 19 ní gbogbo ènìyàn, títí kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ló bọ́ lọ́wọ́ ìgbọràn bí àṣẹ tí wọ́n pa fún un bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ ní gbangba. Radbruch ti sọ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1946, ọkùnrin tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ níbẹ̀ rí, tí ìjọba Hitler sì gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: pé òfin tí ìwà ìkà rẹ̀ bá kọjá ohun tí ara lè gbà, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kí Hitler tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn amòfin kò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí. Ìyà tó bá jẹ ìgbà kan ló ń kọ́ ọ ní ohun tí òfin jẹ́. Lójú tèmi, ìwé ìmọ̀ òfin kò tó o.

Ẹ padà bá mi sí ọ̀rọ̀ Coutumier, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ní oṣù kẹsàn-án 1996, Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa, sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin rárá. Lẹ́tà tí gómìnà fi ránṣẹ́ ni, lẹ́tà kì í sì í ṣe òfin. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ òfin fún ọdún kan mọ èyí! Ọdún 65 ni ìwé náà fi ń pín ogún fún wa, n kò sì rí agbẹjọ́rò kan tó dìde níwájú mi kó ní “Ẹ dákun, lẹ́tà nìyẹn.” Wọn kì í ṣe òpè. Ìgbà ni kò tíì béèrè ìbéèrè náà. Ọjọ́ tí ìgbà yí padà, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Lẹ́yìn náà ni òfin ẹbí. Àjàṣẹ́ níhìn-ín ni Ilé Aṣòfin wà, a sì gbọ́ ariwo rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Àwọn obìnrin amòfin ti ń ti ọ̀rọ̀ náà láti ọdún púpọ̀. Àwọn aṣòfin dìbò ní 2002 pé kí ọkùnrin lè yàn bóyá ìyàwó kan tàbí púpọ̀. Cour constitutionnelle kọ̀ ọ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà, torí obìnrin kò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn, ìwé òfin ilẹ̀ sì ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Oṣù kẹjọ 2004 ni òfin náà tó jáde, ìgbéyàwó oníyàwó kan nìkan ni ó mọ̀, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sì ń jogún lọ́gbọọgba. Ọdún 2009 ni ilé ẹjọ́ kan náà tún wó òfin àgbèrè: ìyàwó tó bá ṣe é lọ sẹ́wọ̀n, ọkọ tó bá ṣe é san owó ìtanràn, àfi bí kò bá gbé àlè wọnú ilé, nígbà yẹn kò san nǹkan kan. Ilé Napoléon ni ìyẹn náà ti wá. Ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nù ní 1975, àwa ṣì ń fi dẹ́rù ba àwọn obìnrin wa.

Inú mi dùn sí òfin 2004, mo sì fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà. Ọmọbìnrin mi yóò jogún mi bí àwọn ọkùnrin ṣe ń jogún. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, mo ṣì ń wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn sí. Ká ní ìyàwó méjì ni bàbá fi sílẹ̀, ọ̀kan bí ọmọ kan, èkejì bí méje. Ní ìdí igi, ọmọ kan ṣoṣo yẹn gba ìdajì. Ní orí òjorí, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ti bá bàbá jìyà láti ilẹ̀ sì ń wòran. Èwo ló tọ́? Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n á bá ọ jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí rẹ̀. Nílé ẹjọ́, lẹ́yìn 2004, n kò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè rẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ti gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin ń bá sọ̀rọ̀, pé ìdí ìyá kì í ṣe nǹkan kan.

Ní ìdílé tiwa ní Kétu, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nílẹ̀ báyìí. Òfin 2013, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2017, ní ìwé titre foncier ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, agbẹjọ́rò ni, ó fẹ́ ká yọ ìwé sórí oko tí bàbá ńlá wa dá, níbi tí a ti ń gbin àgbàdo àti òwú. Ó pe ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ dáadáa: “Bàbá mi, bí a ò bá yọ ìwé, ẹnì kan á tà á lẹ́yìn wa, a ó sì máa bá ẹjọ́ kiri.” Òótọ́ ni. Mo ti kọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí ọwọ́ fi ń ro mí, ilẹ̀ kan tí ènìyàn mẹ́ta ra lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìdílé kan náà.

Wọ́n dá orúkọ tí yóò wà lórí ìwé náà: márùn-ún, obìnrin méjì wà nínú wọn. Mo wo ojú àwọn àgbà ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó mira. Láyé oníṣòwò aṣọ yẹn, orí ìyẹn nìkan ni ìpàdé ì bá tú ká sí.

Ìyá àgbà kan, àbúrò bàbá mi, ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé yìí, ṣé ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè ta ilẹ̀?” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, bí gbogbo àwọn tó kọ orúkọ bá fọwọ́ sí i. Ìyá ní: “Nígbà tí kò sí ìwé, ta ló lè tà á?” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí. Ìyá ní: “Ẹ wá ń sanwó kí ẹ lè rí i tà.” Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi sùúrù ṣàlàyé pé báǹkì kò ní yá ènìyàn lówó lórí ilẹ̀ tí kò ṣeé tà, pé àbò ni ìwé jẹ́. Ìyá ní òun kò yá owó báǹkì.

Ọba kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti sọ ọ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àìlóǹkà ni a kò tíì bí. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé láti Ifẹ̀ ló ti wá bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ìgbà tirẹ̀ náà wà lára rẹ̀: àwọn òyìnbó ń wá ilẹ̀ tí wọn á pè ní ilẹ̀ aláìlólúwa, ọba sì fi òkú àti ọmọ inú kún un kó má baà ṣófo. Àrékérekè tó dára ni. Nínú fọ́ọ̀mù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú wá, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n ń béèrè.

A dìbò, ìwé la fẹ́. Èmi náà nawọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni wọ́n ní kí n kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sínú rẹ̀ pátá, ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn tí wọ́n fún un, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, mo sì ní kó tẹ̀ka sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò wúlò fún fáìlì ìjọba. Mo ní kó so ó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Awọnlẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.